Ọjọ́ mẹ́fà ní Ìbàràpá: èmi, Àǹtí mi àti àpò ègúsí

Ọjọ́ kìíní, Mọ́ńdè

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, tí wọ́n ti ń ta ègúsí àti gàárí ní Bódìjà láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, ni wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí Ìbàràpá. Ọmọkùnrin tó máa ń bá wọn kó ẹrù ti lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n, èmi náà rèé tí mo jókòó sílé láti oṣù kẹfà tí ibi iṣẹ́ wa ti ní ká lọ sinmi ná, wọn ò tíì pè wá padà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ní ṣé owó wà níbẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ wà níbẹ̀. Bí mo ṣe di báàgì nìyẹn.

Kí n tó jáde, Ìyá àgbà pè mí sí yàrá wọn. Ìdèrè ni wọ́n bí Ìyá àgbà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lọ́kọ kí àwọn àti bàbá àgbà tó kó wá sí Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní tí mo bá dé Ìdèrè kí n bá àwọn wo odò tí àwọn ti ń pọnmi lẹ́yìn agboolé àwọn, bóyá ó ṣì wà, kí n ya fọ́tò ẹ̀ wá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ìyá, fọ́tò odò kẹ̀? Wọ́n fa ìró sókè díẹ̀, wọ́n fi ọrùn ẹsẹ̀ òsì hàn mí. Àpá kan wà níbẹ̀ tó ń dán, mo ti ń rí àpá yẹn láti kékeré, mi ò bèèrè nípa ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Odò yẹn ló ṣe mí báyìí."

Ó dáa. A gba Ológunerú jáde, a gba Ìdó, bọ́ọ̀sì wa ò ní síìtì lẹ́yìn torí ẹrù la fẹ́ kó bọ̀, orí àpò òfìfo ni mo jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí apá ibí yìí ẹ máa wo ìta dáadáa, torí igbó ń yí padà lójú yín ni. Ẹ̀yìn Ìbàdàn ṣì ní kòkó àti obì díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá kọjá Ìdó igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ẹ́rẹ́, koríko á ga, igi á jìnnà síra wọn, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi dé Èrúwà ọ̀dàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí igbó. Kòkó ò fẹ́ràn ilẹ̀ yìí, ó gbẹ jù fún un. Ohun kékeré kọ́ nìyẹn o, owó kòkó tó kọ́ Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965, tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún bàbá ẹni tó ni bàbá, kò fi bẹ́ẹ̀ kan Ìbàràpá. Oúnjẹ ni tiwọn. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ègúsí, ata, ẹ̀wà. Ẹni tó ń gbin oúnjẹ kì í dédé di olówó bí ẹni tó ń gbin kòkó, Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ń sọ ọ́ yìí ni wọ́n ń lọ ra oúnjẹ náà.

Àwọn àpáta! Ìyẹn ni mi ò retí. Àpáta ńláńlá tó dá dúró láàárín oko bí ẹni tó gbàgbé ẹrù sílẹ̀, àwọn kan tẹ́jú lórí, àwọn ará ibẹ̀ sì ti sọ wọ́n di ibi ìsáǹkan. Láti inú bọ́ọ̀sì mo ń rí funfun lórí wọn, mo rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni, láfún ni. Àpáta tí oòrùn ti pa gbóná máa ń gbẹ pákí kíákíá ju ilẹ̀ lọ, kò sì ní yanrìn. Kò sẹ́ni tó ń san owó ilẹ̀ fún un.

Alẹ́ la dé Lánlátẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà Àǹtí. Èrúwà àti Lánlátẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara, tí wọn ò bá sọ fún ẹ o ò ní mọ ìgbà tó o kúrò lọ́dọ̀ Elérùúwà, ọba Èrúwà, bọ́ sọ́dọ̀ Onílàlá, ọba Lánlátẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Túsìdeè

Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n jí mi. Mo wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí, mo gun orí àpáta kan lẹ́yìn ilé, ó yọ ojú kan, ó tún pa á dé. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Lánlátẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tó kọ́kọ́ so Nàìjíríà pọ̀ mọ́ sátẹ́láìtì Intelsat lójú ọ̀run. Nígbà yẹn tí èèyàn bá fẹ́ pe Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó, abọ́ ńlá tó wà láàárín oko ẹ̀gẹ́ ní Ìbàràpá ni ohùn ẹ̀ ń gbà kọjá. Bàbá onílé sọ pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé àwọn máa ń dọdẹ òkété lọ sí ìtòsí ẹ̀. Èmi wá rèé ní orí àpáta, mò ń na fóònù sókè bí ẹni ń ṣàdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn a lọ sí oko. Mo ti ń jẹ ẹ̀fọ́ elégùsí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀, bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ni wọ́n ń gbìn ín, láàárín àgbàdo tàbí láàárín ẹ̀gẹ́ tó ṣì kéré, á máa rá lọ nílẹ̀, á bo ilẹ̀ dé ibi tí koríko ò ní ráyè hù, ìdí tí àgbẹ̀ fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ó ń bá wọn ro oko lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá di oṣù keje sí ìkẹjọ, ewé á ti kú, àwọn bàrà á wà nílẹ̀ kiri bíi bọ́ọ̀lù ọmọdé. Wọ́n á kó wọn jọ ní òkìtì, wọ́n á fi kùmọ̀ fọ́ wọn, wọ́n á wá fi sílẹ̀ kí inú ẹ̀ jẹrà. Ẹ gbọ́, òórùn yẹn! Mi ò lè ṣàlàyé. Ó wọ aṣọ mi, ó wọ irun imú mi, títí a fi dé Ìbàdàn mo ṣì ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á kó o lọ sódò, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí ọ̀bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀ ara ẹ̀ á fi lọ, wọ́n á sá a. Ìgbà tí òjò bá dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ yìí ni wọ́n máa ń lé bá, torí tí òjò bá padà wá kó tó gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan ní ara bàrà yìí gan-an ni orúkọ Ìbàràpá ti jáde. Ìlú méje ni wọ́n máa ń kà: Èrúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgángán. Ìjọba ti pín wọn sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, Ìlà Oòrùn, Àárín Gbùngbùn àti Àríwá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, Ìbàràpá méje ló mọ̀. Abẹ́ Aláàfin ni wọ́n wà láyé àtijọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, tí Kurunmí ti Ìjàyè dìde, ọwọ́ ẹ̀ nà dé apá ibí, nígbà tí Ìbàdàn sì fọ́ Ìjàyè ní 1862, ọwọ́ Ìbàdàn ló kàn. Bàbá onílé ní gbogbo wọn ló ń wá síbí, oúnjẹ ni wọ́n ń wá gbé. Mo wo Àǹtí. Àǹtí ń ka owó.

Ọ̀rọ̀ ríra ègúsí gan-an ló wà lọ́kàn mi jù. Àǹtí á ki ọwọ́ bọ àárín àpò dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á mú kóró kan jáde, wọ́n á fi eyín gé e, tó bá gbẹ á dún kẹ́, tí kò bá gbẹ á kàn tẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ́ńgò. Kọ́ńgò tiwọn ni wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, wọ́n sì ń rọ ọ́ dé ibi tó fi yọ òkè bí fìlà. Mo ní Àǹtí, kọ́ńgò kan àtààbọ̀ nìyí o. Wọ́n wò mí wò mí. Ìyá tó ni ègúsí ò sọ nǹkan kan. Mo wá gbọ́ pé nígbà ìgbìn, Àǹtí ti fún ìyá yìí lówó, òun ló fi gba àwọn tó bá a kọ ebè, òun ló fi ra oògùn koríko, àdéhùn sì ni pé Àǹtí ló máa ra ègúsí, ní iye tí àwọn méjèèjì ti sọ nígbà tí ègúsí ṣì wọ́n, àmọ́ iye yẹn kéré sí ti ọjà. Ojú mi korò. Lálẹ́ mo bi ìyá náà lọ́rọ̀ nígbà tí Àǹtí lọ wẹ̀, mo ní Mà, ṣé kò dùn yín? Wọ́n ní, "Dídùn kẹ̀? Báǹkì tó wà ní Èrúwà ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Àǹtí ẹ ò bi mí ní ìwé kankan." Mi ò tún rí nǹkan sọ.

Ọjọ́ kẹta, Wẹ́sìdeè

Igbó-Ọrà. Ọjọ́ ọjà ni, ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná níbí, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé Àǹtí kì í fi Mọ́ńdè Túsìdeè ṣírò ìrìn-àjò wọn, ọjà ni wọ́n ń kà, lónìí ọjà ibí, lọ́la ọjà ibòmíì. Gàárí la wá rà.

Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni mo ti lo ìdajì ọjọ́. Àwọn obìnrin jókòó ní róbótó, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ ń lọ ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, jáàkì ọkọ̀ tí vọ́kánáísà ń lò yẹn gan-an ni o, láàárín igi méjì, omi ẹ̀ á máa kán fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ibẹ̀ ló ti ń kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án nínú agbada lórí iná. Èéfín ń pa mí lójú, obìnrin tó ń yan gàárí ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo bi í pé ẹ̀gẹ́ wo lẹ̀ ń lò, ó ní Àgíríìkì. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í mú jáde láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn gbé ṣe, ó sì máa ń ta dáadáa. Ti àtijọ́, Okò Ìyàwó àti Òdòǹgbó, ṣì wà lóko àwọn àgbà. Bàbá kan tó wá gba ṣéńjì dá sí i pé Àgíríìkì dáa fún ẹni tó ń tà, Okò Ìyàwó dáa fún ẹni tó fẹ́ jẹun. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, mo sá jáde.

Ìbejì ńkọ́? Ẹ ti ń dúró de ìyẹn, mo mọ̀. Òótọ́ ni. Kí n tó mu omi mo ti rí méjì, ní ojú ọjà mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n di irun kan náà tí wọn ò jọra rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì ibí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ẹyin kan tó pín. Dókítà Nylander, oníṣègùn tó wà ní Ìbàdàn nígbà yẹn, ló ṣèwádìí wọn ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, ó rí i pé nínú 1,000 ìbí, bíi 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì, bẹ́ẹ̀ ti gbogbo ayé lápapọ̀ ò ju bíi 12 lọ. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì àgbáyé níbẹ̀, wọ́n á wọ ankárá kan náà, oníròyìn á ti òyìnbó wá. Tẹ́ ẹ bá bi ará ìlú, ìlasa ni wọ́n máa dárúkọ, ewé ilá yẹn, pẹ̀lú àmàlà. Àwọn onímọ̀ ò tíì rí i fìdí ẹ̀ múlẹ̀ o, àjogúnbá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Mo jẹ ìlasa, ó yọ̀, ó dùn, mo jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Àǹtí ní kí n rọra, pé mi ò tíì níyàwó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nípa Igbó-Ọrà nìyí. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá síbí kí wọ́n wá gbé, kí wọ́n mọ bí àìsàn ṣe rí ní ibi tí kò sí iná, tí wọn ò bá rí omi. Mélòó mélòó nínú àwọn dókítà àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ ló kọ́kọ́ gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní Ìbàràpá. Ìyá kan nídìí ẹ̀rọ ní ọwọ́ ọmọ dókítà kan tó ń gbọ̀n ni òun bí àkọ́bí òun sí, ó ní òun ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fọkàn balẹ̀.

Àpò gàárí mọ́kàndínlógún. Ẹ̀yìn mi.

Ọjọ́ kẹrin, Tọ́sìdeè

Ìdèrè ò jìnnà sí Igbó-Ọrà, ọ̀kadà ló gbé mi. Àǹtí ò tẹ̀lé mi, wọ́n ní àwọn ní ẹni tí àwọn fẹ́ rí nípa ata. Mo rò pé wọn ò fẹ́ lọ ni.

Ìlú náà wà láàárín àwọn òkè, ilé páànù pupa, ewúrẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ìdákẹ́jẹ́. Mo bèèrè agboolé Ìyá àgbà, wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ ìbátan wa, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kì mí ní oríkì tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, ojú ń tì mí torí mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n dìde. Mo wá sọ iṣẹ́ tí Ìyá àgbà rán mi. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Sòbìà."

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré. Sòbìà, aràn ni. Kòkòrò tín-ín-tín kan máa ń wà nínú omi adágún tí kì í ṣàn, ọmọ aràn náà sì máa ń wà nínú kòkòrò yẹn. Tó o bá mu omi náà, kòkòrò á kú nínú ẹ, ọmọ aràn á jáde, á máa dàgbà lára ẹ fún bí ọdún kan láìjẹ́ pé o mọ̀, á gùn, ó lè tó mítà kan, lẹ́yìn náà á lu awọ jáde, ẹsẹ̀ ló sábà ń gbà. Á máa jó ẹ bí iná. Tó o bá wá sáré lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi kó tù ẹ́, ibẹ̀ ló ti máa pọ ọmọ sínú omi, ẹni tó kàn á tún wá pọn ọ́n. Kò sí oògùn ẹ̀. Wọ́n á wé orí ẹ̀ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú á kẹ̀.

Bàbá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ jù, nígbà tí omi ti fà tó ku ẹ̀gbin nílẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni kíkọ ebè iṣu. Ọkùnrin tó yẹ kó wà lóko á dùbúlẹ̀ oṣù kan, oṣù méjì, ebè ò ní sí, iṣu ò ní sí lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní ilé kan wà ní àdúgbò yìí tí gbogbo àgbàlagbà inú ẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọdé ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbà pé omi ni. Àwọn kan ní ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀ná ló ti wá, àwọn kan ní iṣan ara ni, pé olúkúlùkù la dá sòbìà mọ́, tó bá wu ú á yọ. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn jókòó ti Ìdèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ń kọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn láti máa kọ́ ara wọn, wọ́n ń pín aṣọ tí wọ́n máa fi sẹ́ omi mu. Aṣọ lásán o! Aṣọ tí ihò ẹ̀ kéré débi tí kòkòrò yẹn ò fi lè gbà á kọjá. Nígbà tí ìjọba ka gbogbo Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Ní 2008 la rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 ni àjọ WHO fún wa ní ìwé pé ó ti tán.

Mo bi Bàbá pé kí ló pa á níbí gan-an, ṣé aṣọ ni àbí kànga. Wọ́n ní méjèèjì, àti ìjà. Àwọn ń jà lórí ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga sí títí àwọn fi gbẹ́ ẹ síbi púpọ̀. Mo fẹ́ràn èsì yẹn.

Wọ́n mú mi lọ síbi odò náà. Kò tó nǹkan. Kòtò kan tó tẹ́jú lábẹ́ igi, koríko ti bò ó, omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó dúdú bíi tíì, èèpo bàrà pọ̀ lẹ́bàá ẹ̀. Mo ya fọ́tò mẹ́rin. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn, ẹsẹ̀ mi ò gbà fún mi.

Ọjọ́ kárùn-ún, Fráídeè

Tápà, Ayétẹ̀, Ìgángán, ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sókè, odò Ọ̀fìkì wà ní apá yìí, láti apá Ṣakí ló ti ń bọ̀, inú odò Ògùn ló ń dà sí. Ilẹ̀ tó dáa. Tí ẹnì kan bá ní kí n fi ojú wo ibi tí oúnjẹ ti lè pọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí mo rí, ibí ni.

Ibí náà ni oko jìnnà sí ilé jù, ẹ̀rù sì wà nínú ọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní 2021 ni wàhálà àgbẹ̀ àti darandaran ti gbóná débi tí wọ́n lé Sàríkí àwọn Fúlàní kúrò ní Ìgángán, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, ní òru, àwọn tó gbébọn wọ ìlú, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sun ààfin Aṣígangan. Ẹni tí a lọ bá fún ata ò fẹ́ sọ ọ́, mi ò sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tó sọ kò ju pé òun ní ilẹ̀ níbi tó jìnnà tó dáa ju èyí tí òun ń ro báyìí, àmọ́ òun ò lọ síbẹ̀ mọ́, etílé lòun ń ro, etílé sì ti rẹ̀. Ó fi ọwọ́ júwe ibẹ̀, apá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè nípa ìdí tí ata fi wọ́n, apá kan ìdáhùn yín ń bẹ níbẹ̀.

Obìnrin Fúlàní kan ń ta wàrà lójú títì Ayétẹ̀, Yorùbá ẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Àǹtí nájà pẹ̀lú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí owó tí kò tó ra píọ̀wọ́tà, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A ra ata tán, a padà sí Lánlátẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà, Sátidé

Ẹrù kún bọ́ọ̀sì dé òrùlé, èmi wà láàárín gàárí àti ata, mo ń sín. Mo ka ibi tí wọ́n ti dá wa dúró láti Lánlátẹ̀ dé Ológunerú: mẹ́jọ. Igi, okùn, táyà, ibi kan bẹ́ǹṣì lásán ni wọ́n gbé dí ọ̀nà. Dírẹ́bà ti ka owó kéékèèké sínú ike ìpara kan kó tó gbéra, tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn á kàn na ọwọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó fún wa ní rìsíìtì. Àǹtí ní owó yìí ti wà nínú iye tí àwọn máa ta gàárí, àti pé ó ti wà nínú iye tí àwọn rà á náà. Mo ro ó títí, òótọ́ ni, àgbẹ̀ san ìdajì, ìwọ tó o máa jẹ ẹ́bà lálẹ́ òní san ìdajì.

Ní Bódìjà, a ń tú ẹrù, Àǹtí ki ọwọ́ bọ àpò ègúsí kan tí ìyá Lánlátẹ̀ fún wa, wọ́n dúró. Wọ́n ki ọwọ́ wọlé sí i. Òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ gbẹ, àárín tutù. Ègúsí tó tutù máa ń wú, kò ní pọ̀ kó tó kún kọ́ńgò. Mo ní ẹ jẹ́ ká pè é ká bá a wí, ká yọ ọ́ nínú owó tó kàn. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Ó ti bá mi ṣírò kọ́ńgò yẹn ni." Wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n ní kí n dà á síbẹ̀ kí n sá a.

Nígbà tí mo délé Ìyá àgbà ò tíì sùn. Mo ṣí fóònù, mo fẹ fọ́tò náà tóbi, wọ́n wọ jígí, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n gbé e súnmọ́. Wọ́n wo ìkíní, wọ́n wo ìkejì, wọ́n wo èyí tí èèpo bàrà wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Èyí kọ́. Èyí, ibẹ̀ la ti ń fọ ègúsí. Èyí tí à ń mu ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí o kẹ̀yìn sí nígbà tí ò ń ya fọ́tò yìí."